Ẹni Tí Ìbéèrè Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọmọ adúláwọ̀ 584 tí wọ́n ní ọ́tísíìmù. Wọ́n bi àwọn òbí nípa ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ fura pé ọmọ àwọn kò dàgbà bó ṣe yẹ, wọ́n sì fi wé ìgbà tí oníṣègùn wá sọ ọ́ gbangba pé ọ́tísíìmù ni. Ọdún mẹ́ta ààbọ̀ ló wà láàárín méjèèjì. Ọmọ ti lé ní ọdún márùn-ún kí ilé ìwòsàn tó fẹnu ba ohun tí ìyá rẹ̀ ti rí nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì. Àwọn òbí yìí kò sùn. Wọ́n rí i, wọ́n wí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti ọ̀dọ̀ oníṣègùn kan lọ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Ohun tó bọ́ sọnù láàárín ni àwọn ọdún tí ìrànlọ́wọ́ ì bá ti wúlò fún ọmọ náà jù lọ. Láti ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí owó tí àwọn àjọ ń yà sọ́tọ̀ kí oríṣiríṣi èèyàn lè wọ iṣẹ́ ìwádìí ọ́tísíìmù ní kékeré. Owó náà tọ́, ó sì yẹ kó pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń ná an sí jù, bẹ́ẹ̀ inú ilé ni ọ̀rọ̀ wà. Kí ọ̀dọ́ adúláwọ̀ kan jókòó sí láàbù ẹlòmíràn, kó máa tẹ nọ́ńbà sínú kọ̀ǹpútà, kò tíì yí nǹkan kan padà. Ìgbà tí ìbéèrè bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí owó tí yóò fi wá ìdáhùn sì wà lórúkọ rẹ̀, ni nǹkan máa ń yí.

Ìtàn iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ lè jẹ́rìí sí èyí. Nígbà tí Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní Baltimore, kọ ìwé tó sọ ọ́tísíìmù di ohun tí ayé mọ̀ ní 1943, ọmọ 11 ló kọ nípa wọn, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3. Kò sí adúláwọ̀ kankan nínú wọn, àwọn òbí wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ alákọ̀wé tán. Baltimore kì í ṣe ìlú tí adúláwọ̀ ti ṣọ̀wọ́n nígbà náà. Àwọn tó rí ọ̀nà dé iwájú Kanner ni kò ní wọn nínú. Ó kíyè sí i pé olóye ni àwọn òbí náà, àwọn tó tẹ̀lé e sì sọ àkíyèsí yẹn di nǹkan bí òfin fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọmọ òyìnbó tó kàwé ni ọ́tísíìmù ń mú. Ní 2002 ni David Mandell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó wà lábẹ́ Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó ilé wọn kéré, ní Philadelphia. Ọmọ aláwọ̀ funfun ń gbọ́ orúkọ ọ́tísíìmù ní nǹkan bí ọmọ ọdún 6.3, adúláwọ̀ ní 7.9. A kò lè sọ pé àwọn kan lówó àwọn kan kò ní, nítorí ètò aláìní kan náà ni gbogbo wọn wà. Ìbéèrè yìí kò le. Ìwé àkọsílẹ̀ owó ìtọ́jú ni wọ́n fi dáhùn rẹ̀, kò gba ẹ̀rọ olówó iyebíye kankan. Ẹni tí yóò ronú láti béèrè ló wọ́n. Àwọn àgbà sọ pé ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹ wá wo irun orí. Ẹ̀rọ EEG, tó ń gba àmì iná ọpọlọ láti orí awọ orí, wà lára ohun tí a ń lò gan-an fún àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, nítorí kò ní abẹ́rẹ́, kò sì béèrè pé kí ọmọ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ fara kan awọ orí dáadáa, irun tó tẹ́ lọ rẹrẹ sì ni wọ́n fi wọn fìlà rẹ̀. Bí irun bá ki, tó sì ká kò, fìlà á léfòó lórí rẹ̀, àmì tó ń wọlé á dàrú, olùwádìí á sì yọ ọmọ náà kúrò nínú àkójọ. Ohun tí òǹkàwé máa rí nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀ jáde kò ju gbólóhùn kan lọ, pé wọ́n yọ àwọn kan kúrò nítorí àmì wọn kò mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin adúláwọ̀ kan ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Pittsburgh, Arnelle Etienne, ló bá olùkọ́ rẹ̀, Pulkit Grover, àti àwọn mìíràn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2020 ni pé kí wọ́n di irun náà ní ìlà-ìlà lọ sẹ́yìn, kí ìpín orí bọ́ sí ibi tó yẹ kí ẹ̀rọ jókòó sí gẹ́lẹ́, kí wọ́n wá fi ohun kékeré tó ní apá há abẹ́ irun dídì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì, kí irun fúnra rẹ̀ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ awọ orí. Kò sí onídìrí kan ní Ìbàdàn tí yóò pe ìyẹn ní àwárí. Nínú láàbù, àwárí gidi ni. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ̀ ju akẹ́kọ̀ọ́ yìí lọ ló ti rí ìṣòro náà ṣáájú rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ọmọ náà ni wọ́n rò pé ó ní wàhálà, wọn kò rò pé ẹ̀rọ ni.

Kì í ṣe àwọ̀ ara nìkan ni mò ń wí. Láti nǹkan bí 1985 ni ìwé lórí ìwé ti ń sọ pé ẹni tó ní ọ́tísíìmù kò lè mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn. Damian Milton, onímọ̀ àwùjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òun náà ní ọ́tísíìmù, ló kọ ọ́ ní 2012 pé ọ̀rọ̀ náà ní apá kejì: ẹni tí kò ní in náà kì í mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ní in, kò kàn sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní àléébù ni. Catherine Crompton àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh dán ìbéèrè yìí wò ní 2020. Wọ́n sọ ìtàn fún ẹnì kan, ó sọ ọ́ fún ìkejì, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹni kẹjọ. Ìtàn náà kò sọnù láàárín àwọn tó ní ọ́tísíìmù ju bó ṣe sọnù láàárín àwọn tí kò ní in. Ibi tí wọ́n ti pò wọ́n mọ́ra ló ti sọnù jù. Ìwádìí kan tó tóbi jù ú lọ ní 2025 kò rí àdánù ti àpòpọ̀ yẹn mọ́, àmọ́ ó tún fi hàn pé àwọn tó ní ọ́tísíìmù ń gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tó ń lọ bíi ti gbogbo ayé. Ibi yòówù kí ẹ̀rí já sí, ìbéèrè náà kò sí lórí tábìlì kó tó di pé ẹni tó ní ọ́tísíìmù kọ ọ́ sílẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ tiwa, àìsí ìbéèrè náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Lauren Franz, Petrus de Vries àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kó gbogbo ìwádìí ọ́tísíìmù tó ti jáde láti apá Áfíríkà tó wà nísàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà jọ ní 2017, 53 péré ni wọ́n rí. Kò sí ọ̀kan tó ka iye àwọn tó ní in láàárín ìlú, kò sì sí èyí tó wo àwọn àgbàlagbà. Ẹ wo ohun tí a ń pàdánù. Kanner ti kíyè sí i pé àwọn ọmọ náà ń gbé èmi àti ìwọ fún ara wọn. Ọmọ Yorùbá ní ju ìyẹn lọ láti dà rú, nítorí ó tún gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí à ń sọ o fún àti ẹni tí à ń sọ ẹ fún. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá sọ fún ìyá àgbà rẹ̀ pé "o ti dé", aláìlẹ́kọ̀ọ́ la ó pè é, ìyá rẹ̀ la ó sì bá wí. Ṣé àìlẹ́kọ̀ọ́ ni lóòótọ́, àbí ọmọ náà kò rí ìyàtọ̀ tí ọjọ́ orí àti ipò ń mú bá ọ̀rọ̀? Ọmọ ọdún mélòó tilẹ̀ ni ọmọ tí kò ní ìṣòro kankan nígbà tó bá mọ o yàtọ̀ sí ẹ? Bákan náà ni ìwé M-CHAT-R, ìbéèrè 20 tí a fi ń ṣe àyẹ̀wò fún ọmọ oṣù 16 sí 30, ń béèrè bóyá ọmọ máa ń wo òbí lójú. Ọmọ ọdún kan ààbọ̀ kò tíì mọ̀ pé ọmọ kì í wo àgbà lójú, ṣùgbọ́n ìyá tó ń dáhùn mọ̀ ọ́n, ó sì lè rò pé ìwà ọmọ òun ni wọ́n ń wádìí. Ẹni tí kò gbé nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ lè túmọ̀ ìwé náà láìṣìṣe kan, kó má sì rí ibi tí ìdáhùn ti ń wọ́. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ilé ẹ̀kọ́ ìlera ọpọlọ ọmọdé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun léwájú rẹ̀, tí MacArthur Foundation sì fi owó ràn lọ́wọ́, ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ láti Nàìjíríà àti àwọn ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn. Ẹ̀kọ́ ti wà. Owó tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi wá ìdáhùn sí ìbéèrè tirẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ni ọ̀rọ̀ kù sí.

Ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó náà pọ̀ sí, ọ̀nà tó gbà ló yẹ ká yẹ̀ wò. Láti 1989 títí di 2025 ni NIH, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń náwó sí ìwádìí ìlera, fi ní owó àfikún tí olùwádìí àgbà lè gbà láti fi mú ọ̀dọ́ tí irú wọn kò pọ̀ nínú iṣẹ́ náà wọ láàbù. Simons Foundation, tí ẹ̀ka rẹ̀ SFARI wà lára àwọn tó ń náwó jù sí ìwádìí ọ́tísíìmù lágbàáyé, gbé irú àfikún bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, ó sì ní ètò SURFiN fún àwọn tí kò tíì gba oyè àkọ́kọ́. Autism Science Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2009, ń ran àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ oyè ọ̀mọ̀wé àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́. N kò kẹ́gàn ọ̀kan nínú wọn. Ṣùgbọ́n àpò olùwádìí àgbà ni owó àfikún ń gbà kọjá, ìbéèrè àgbà náà ni ọ̀dọ́ ń bá a wá ìdáhùn sí, ìgbà tí owó àgbà bá sì tán ni tirẹ̀ náà ń tán. Ẹ gbé èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀dọ́ náà bá fẹ́ dá dúró. Donna Ginther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Science ní 2011 pé, lẹ́yìn tí wọ́n ti ro ilé ẹ̀kọ́, ìrírí àti iye ìwé tí oníkálukú ti tẹ̀ jáde mọ́ ọn, adúláwọ̀ tó ń béèrè owó R01, owó tí olùwádìí fi ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ dúró, ṣì fi ìdá 10 nínú 100 rẹ̀yìn sí aláwọ̀ funfun. Ní 2019, Travis Hoppe àti àwọn kan láti inú NIH fúnra rẹ̀ wo àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e: 17.7 nínú ìwé 100 ti aláwọ̀ funfun ló ń rí owó, 10.7 nínú ti adúláwọ̀. Ibi tó ká mi lára jù nínú iṣẹ́ wọn ni ti àkòrí. Ó lé ní ìdá kan nínú márùn-ún àlàfo náà tó wá láti inú ohun tí àwọn adúláwọ̀ yàn láti wádìí: ìlera ní àdúgbò, àìdọ́gba láàárín àwọn èèyàn, bí ìtọ́jú ṣe ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tó nílò rẹ̀. Irú àkòrí báwọ̀nyí kì í tètè wọ ojú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò bí àkòrí tó bá wo inú sẹ́ẹ̀lì. Ìbéèrè bíi ti àwọn ọmọ 584 yẹn wà lára ohun tí ìgbìmọ̀ kì í tètè fẹ́ fọwọ́ sí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ àárín ọ̀nà, láti ọjọ́ tí èèyàn gba oyè ọ̀mọ̀wé títí di ọjọ́ tó gba owó àkọ́kọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀ á ti lé ní ẹni 40 ọdún kí ìyẹn tó dé. Owó oṣù tí NIH fi lélẹ̀ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé ní 2024 jẹ́ dọ́là 61,008 lọ́dún. Ó dára létí ẹni tó wà nílé, ṣùgbọ́n Boston àti San Francisco, níbi tí àwọn láàbù ńlá wà, mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ tán lórí owó ilé nìkan, ẹni tó sì ní òbí tàbí àbúrò tó ń retí owó lọ́dọ̀ rẹ̀ kò lè ṣe é bí ẹni tí òbí rẹ̀ ń fi kún tirẹ̀. Ẹ wo ìpàdé INSAR, ẹgbẹ́ àwọn olùwádìí ọ́tísíìmù lágbàáyé, tó wáyé ní Stockholm ní 2023 àti Melbourne ní 2024. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ọ̀dọ́ ni yóò kọ́kọ́ san owó ọkọ̀ òfuurufú àti ti òtẹ́ẹ̀lì, kó tó mú rìsíìtì wá, kó sì máa retí kí wọ́n dá a padà. Ẹni tí kò ní owó nílẹ̀ á jókòó sílé, orúkọ rẹ̀ kò sì ní sí níbi tí àwọn àgbà ti ń mọ ẹni tí wọn yóò pè sí iṣẹ́. Owó tí mo lè pè ní owó gidi ni èyí tó bá wà lórúkọ ọ̀dọ́ náà, tó bá lè bá a lọ sí yunifásítì mìíràn, tó bá tó ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, tó ń san owó ìrìn àjò sílẹ̀ ṣáájú, tó sì ń san nǹkan fún àgbà tó ń tọ́ ọ sọ́nà, kí àgbà náà má baà ka ìtọ́sọ́nà sí àánú. Irú rẹ̀ mẹ́wàá sàn ju ọgọ́rùn-ún ìdá owó kékeré tó ń parí lóṣù mẹ́fà.

Àwọn kan á ní ìmọ̀ kò ní àwọ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jù ni kí wọ́n fún. N kò bá wọn jà lórí pé kí iṣẹ́ dára. Àwọn aláwọ̀ funfun ti béèrè ìbéèrè rere, wọ́n sì pọ̀ nídìí díẹ̀ nínú iṣẹ́ tí mo ti dárúkọ. Ṣùgbọ́n Ginther ti ro iye ìwé àti ilé ẹ̀kọ́ mọ́ ọn, àlàfo náà kò sì kúrò nílẹ̀, nítorí náà kì í ṣe ìmọ̀ nìkan ni òṣùwọ̀n tó wà lọ́wọ́ báyìí ń wọ̀n. Àwọn mìíràn á sọ pé ọ̀rọ̀ ti tún ara rẹ̀ ṣe. Lóòótọ́ ni pé ìròyìn tí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àrùn, gbé jáde ní 2023 lórí àwọn ọmọ ọdún 8 fi hàn nígbà àkọ́kọ́ pé iye àwọn tí wọ́n rí ọ́tísíìmù lára wọn pọ̀ láàárín adúláwọ̀ ju aláwọ̀ funfun lọ: 29.3 nínú 1,000, tí ti aláwọ̀ funfun sì jẹ́ 24.3. Ayọ̀ ni. Àmọ́ nínú ìròyìn kan náà, láàárín àwọn tí wọ́n mọ bí òye wọn ṣe tó, 50.8 nínú 100 ọmọ adúláwọ̀ tó ní ọ́tísíìmù ló tún ní ìpèníjà òye, nígbà tí ti aláwọ̀ funfun jẹ́ 31.8. Kí ló fà á? Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọmọ adúláwọ̀ tí òye rẹ̀ péye, tí ọ́tísíìmù rẹ̀ kò hàn ketekete, ni wọ́n ṣì ń pè ní alágídí, tí wọ́n ń jẹ níyà ní ilé ìwé. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìdánwò òye náà ni kò bá wọn mu, tàbí pé ìrànlọ́wọ́ tó pẹ́ ló dá òye wọn dúró. Ìtọ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè yàtọ̀ pátápátá, ìṣirò nìkan kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Òbí tí ọmọ rẹ̀ kò tíì rí olùkọ́ lè bi mí pé kí ló dé tí a kò kó owó náà lé ìtọ́jú lórí. Ìbínú rẹ̀ tọ́. Nígbà tí Liz Pellicano àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo owó ìwádìí ọ́tísíìmù ní Bìrìtéènì ní 2013, ìdá 56 nínú 100 ló lọ sí ẹ̀ka ìbí, ọpọlọ àti ìrònú, ìdá 5 péré ló kan ètò ìrànlọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ ìrànlọ́wọ́ yìí gan-an ni àwọn ìdílé ń tọrọ. Ṣùgbọ́n àtakò yìí ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn ni, nítorí Hoppe ti fi hàn wá àwọn tó máa ń fẹ́ wádìí bí ìtọ́jú ṣe ń dé ilé, tí owó kì í sì í kàn.

Ọ̀rọ̀ òfin kò ṣeé fọwọ́ gbá sẹ́yìn. Ní oṣù kẹfà 2023, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé yunifásítì kò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà yan akẹ́kọ̀ọ́ mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjọba Trump fagi lé àwọn ètò tí wọ́n ní fún oríṣiríṣi èèyàn, NIH pa àwọn ètò rẹ̀ tó jẹ mọ́ èyí tì, ó sì gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin nílé ẹjọ́ kan náà gbà pé kí ìfagilé owó náà máa lọ ná. Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni NIH kéde owó tó lé ní mílíọ̀nù 50 dọ́là fún iṣẹ́ ọ́tísíìmù 13, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé owó ni kò sí. Ọ̀nà kan ṣì wà tó ti kọjá irú ìdánwò yìí rí. Ètò Meyerhoff ní yunifásítì UMBC ní Maryland bẹ̀rẹ̀ ní 1988 fún àwọn ọmọ adúláwọ̀. Ní 1996, lẹ́yìn ẹjọ́ kan, wọ́n ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá fi hàn pé òun fẹ́ kí oríṣiríṣi èèyàn wọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kò kú. UMBC ṣì wà lára àwọn tó ń ṣáájú nínú kíkọ́ adúláwọ̀ tó ń lọ gba oyè ìṣègùn àti ọ̀mọ̀wé pa pọ̀, Penn State àti Yunifásítì North Carolina sì ti gba ètò náà lò pẹ̀lú èso. Àjọ tó bá ń fúnni lówó ọ́tísíìmù lè wo ìrìn èèyàn láìwo àwọ̀ rẹ̀: ẹni àkọ́kọ́ nínú ìdílé tó dé yunifásítì, ẹni tó ní ọ́tísíìmù fúnra rẹ̀, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní àdúgbò tí olùwádìí kì í dé.

Àtakò tí n kò lè fọwọ́ rọ́ tì ni ti àwọn ọ̀dọ́ fúnra wọn. Wọ́n ní bí ẹ bá fún adúláwọ̀ lówó kó wádìí adúláwọ̀, ọgbà lẹ ti sọ yí i ká, ẹni tó fẹ́ wo apilẹ̀ àbùdá SHANK3 lára ẹja zebrafish á sì di ẹni tó sá fún àwọn èèyàn rẹ̀. Òótọ́ ni. Owó tó bá ti ń pàṣẹ àkòrí fún ẹni tó gbà á ti ba ìdí tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀ jẹ́. Ohun tó yẹ kó yí padà ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ àdúgbò wà níbẹ̀ bí ẹni tó mọ sẹ́ẹ̀lì ṣe wà níbẹ̀, kí ọ̀dọ́ tó bá yan ẹja lè yan ẹja, kí ẹni tó bá yan àwọn ọmọ Philadelphia má sì pàdánù nítorí ohun tó yàn.

Títí di báyìí, ohun tí àwọn àjọ sábà máa ń gbé síta ni iye àwọn tí wọ́n fún lówó, pẹ̀lú àwòrán wọn tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Iye tí mo fẹ́ rí yàtọ̀: lẹ́yìn ọdún márùn-ún, mélòó nínú wọn ló ní owó ìwádìí lórúkọ ara rẹ̀, mélòó ni orúkọ rẹ̀ gbẹ̀yìn ìwé gẹ́gẹ́ bí olórí iṣẹ́, mélòó ló ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, kí ni wọ́n sì sọ pé ó lé wọn lọ. Àkọsílẹ̀ irú èyí wà lọ́wọ́ NIH, òun ni Ginther fi ṣiṣẹ́ ní 2011. Ó ku kí àwọn àjọ aládàáni gbé tiwọn síta.